Ọ̀dà ìdí ọkọ̀: Ẹ má ṣe fi owó ra májèlé sínú omi wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni bá da omi síwájú, yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní Òde Ùgbò àti káàkiri etí omi Ìlàjẹ, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ ẹni. Òun la fi ń pẹja, òun la fi ń ná ọjà Ìgbòkòdá, òun náà la fi ń gbé aláìsàn lọ gba ìtọ́jú. Bí ọmọ wa kan tó rí ṣe l'Ékòó bá sì ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ wá sílé, kò ní pẹ́ tí yóò fi bèèrè ọ̀dà tó yẹ kí òun fi kun ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè gidi ni. Ọkọ̀ tó bá jókòó sínú omi iyọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé omi á hù sí i nídìí, àwọn ẹ̀dá kéékèèké elékaraun á sì lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ọkọ̀ á wúwo, ẹ́ńjìnnì á máa mu epo bí ẹni mu omi. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sí ọlọ́kọ̀ tó lè fojú kékeré wo ìyẹn. Ti ọkọ̀ onípákó tún burú jù, nítorí kòkòrò ajẹgi inú omi iyọ̀ lè jẹ inú pákó tán kí ojú tó rí i lóde.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni èrò àwọn kan pé ọ̀dà tó bá ń pa gbogbo nǹkan ló dára jù. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Arcachon, létí òkun ilẹ̀ Faransé. Èròjà kan tó ń jẹ́ tributyltin, tí wọ́n ń pè ní TBT, wà nínú ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ìgbafẹ́ nígbà náà. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, oyster tí wọ́n ń sìn tà níbẹ̀ kò bímọ dáadáa mọ́, karaun wọn sì ń dàrú. Lọ́dún 1982, Faransé fòfin de ọ̀dà náà fún ọkọ̀ kéékèèké. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1987. Àdéhùn àgbáyé lórí rẹ̀ wáyé lọ́dún 2001, Nàìjíríà wà lára àwọn tó tètè fọwọ́ sí i, ó sì di òfin ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2008. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, òfin náà ti de èròjà mìíràn, cybutryne.

Ṣùgbọ́n òfin kì í fúnra rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ra àṣẹ́kù ọ̀dà ọkọ̀ òkun ńlá, tí wọ́n bù sínú gálọ́ọ̀nù tí kò lórúkọ, kò mọ ohun tó rà. Edé, akàn àti ìṣáwùrú tí à ń jẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Ọkọ̀ tí a bá ń fà sórí ilẹ̀ lẹ́yìn ìlò kò nílò ọ̀dà olóró rárá, kàn-ìn-kàn-ìn àti omi ti tó o. Bí ọkọ̀ bá gbọ́dọ̀ máa gbé inú omi iyọ̀, ọ̀dà oníbàbà tí orúkọ ilé iṣẹ́ àti àwọn èròjà rẹ̀ wà lára agolo ni kí a rà. Bàbà náà lóró, nítorí náà ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ sọ ni kí a lò. A kò gbọ́dọ̀ fi kun ọkọ̀ alumíníọ́mù tàbí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, torí pé yóò jẹ irin náà. Bí a bá sì fẹ́ ha ọ̀dà àtijọ́, ká fi omi rin ín, ká bo imú, ká tẹ́ tapólì sábẹ́ ọkọ̀, ká má sì gbá èérún rẹ̀ sínú odò.

Ẹlòmíràn lè sọ pé epo rọ̀bì ti ba omi wa jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí wá ni ti agolo ọ̀dà kan? A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí olè ti jà kì í torí ìyẹn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ sùn. Bí a bá sì fẹ́ bá àwọn elépo jà, ọwọ́ tí a fi ń tọ́ka sí wọn gbọ́dọ̀ mọ́.

À ń rọ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ àti àjọ OSOPADEC pé kí wọ́n ṣe ibi tí a ti lè fa ọkọ̀ gòkè, ká hà á, ká kùn ún, láìjẹ́ pé ìdọ̀tí rẹ̀ ṣàn padà sódò. Kí àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi sì máa yẹ agolo ọ̀dà wò lọ́jà. Agolo ọ̀dà yóò tán, ọkọ̀ yóò gbó, ṣùgbọ́n omi yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa yóò máa pẹja nínú rẹ̀.