Ta Ló Ni nginx.conf?

Gbólóhùn kan wà tó ti di àdúrà lẹ́nu àwa tá à ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà: “Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.” Ẹ̀gbọ́n tó wà ní ọdún àṣekágbá á sọ ọ́ fún ọmọ ọdún kejì, ọmọ ọdún kejì náà á gòkè, á sọ ọ́ fún ẹlòmíì. Ọgbọ́n la máa ń pè é. Àwa ò gbà pé ọgbọ́n ni. Ìbẹ̀rù ni, ibi tí ìbẹ̀rù náà sì fìdí kalẹ̀ sí jù ni inú àwọn fáìlì ìṣètò tó so server wẹ́ẹ̀bù pọ̀ mọ́ server áàpù.

Ẹ jẹ́ ká mú nginx àti Gunicorn, torí àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú iṣẹ́ Django àti Flask tí à ń ṣe láàárín ara wa. nginx ló dúró níwájú, bí ọmọ tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ní bùkà. Gunicorn wà lẹ́yìn nídìí ààrò pẹ̀lú ìyá olóúnjẹ. Oníbàárà kì í wọ ilé ìdáná. Ọmọ iwájú ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun náà ló ń gbé abọ́ bọ̀. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò ju àdéhùn kan lọ: fèrèsé wo la ó ti máa gba abọ́? Bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan fún Gunicorn, 127.0.0.1:8000 ló máa jókòó sí. nginx gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìlà proxy_pass rẹ̀. Django náà ní láti mọ orúkọ ìkànnì ọ̀hún nínú ALLOWED_HOSTS. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la kọ àdéhùn kan ṣoṣo sí, nígbà míì ó jẹ́ ọwọ́ èèyàn mẹ́ta. Ẹni tó bá yí ọ̀kan padà láìsọ fún èkejì, 502 Bad Gateway tàbí 400 ni gbogbo ayé máa rí. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ní sáà tó kọjá, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan tá ò ní dárúkọ ké sí díẹ̀ nínú wa. Ìkànnì tí wọ́n fi ń gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ àṣekágbá ti kú láti alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì sì ni gbèdéke. Akẹ́kọ̀ọ́ tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ò bá wọlé ò ní rí alábòójútó, ẹni tí kò bá sì ní alábòójútó, ó di sáà mìíràn. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ ìkànnì náà ti lọ sìnlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège.

A wọ inú /etc/nginx/sites-enabled. Ohun tá a bá níbẹ̀ ni portal, portal-tuntun, portal-tuntun2, àti portal.bak. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń pe ara wọn ní orúkọ ìkànnì kan náà. Ẹnì kan ti gbé áàpù kúrò lórí port 8000 lọ sí 8001. Ó kọ fáìlì tuntun, ó ṣe nginx -t, nginx ní àyẹ̀wò yege, ó bá lọ sùn. Àmọ́ lórí Ubuntu, gbogbo fáìlì tó bá wà nínú fódà yẹn ni nginx ń kà, ohun yòówù kí orúkọ rẹ̀ jẹ́, .bak pàápàá. Bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò ló ń kà wọ́n. Bí fáìlì méjì bá ń jà sí orúkọ kan lórí port kan, èyí tó kọ́kọ́ kà ló máa tẹ̀ lé, á wá fi ìlà ìkìlọ̀ kan, conflicting server name, sọ pé òun ti pa ìyókù tì. Ìkìlọ̀ lásán ni, kò ní kí àyẹ̀wò má yege. Bí portal àtijọ́ ṣe jókòó sórí àga nìyẹn, tó ń kanlẹ̀kùn 8000 níbi tí kò séèyàn mọ́.

(Apache sàn díẹ̀ níhìn-ín. Lórí Debian, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .conf nìkan ló ń kà nínú sites-enabled. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé a ń polówó Apache.)

Títún un ṣe ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Rírí i ló gba wákàtí mẹ́fà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń tẹ ojú ewé kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀. Kò sẹ́ni tó hùwà ìkà níbẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n yẹn gan-an mọṣẹ́, ìwé kóòdù rẹ̀ mọ́ ju tàwọn olùkọ́ míì lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni àwòrán ilé náà wà, orí ọ̀hún sì ti wọkọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ míì.

Ohun tá à ń bèèrè ò le. Áàpù kan, fáìlì kan, kí orúkọ fáìlì náà sì jẹ́ orúkọ ìkànnì fúnra rẹ̀. Kí ojúlówó wà nínú sites-available, kí sites-enabled má ní ju líǹkì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìkànnì kan dúró á yọ líǹkì, kò ní pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Ẹ̀dà àtijọ́ ò ní iṣẹ́ kankan nínú fódà méjèèjì, Git la fi ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Kí nginx.conf gan-an wà fún ohun tó kan gbogbo ilé, bí iye worker àti ibi tí log ń lọ.

Ní ti nọ́ńbà port, a rò pé ká jáwọ́ níbẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. 8000, 8001, 8002: ta ló ni èwo? Bí nginx àti áàpù bá wà lórí ẹ̀rọ kan náà, ẹ lo socket tó lórúkọ, bíi /run/portal/gunicorn.sock. Orúkọ yẹn ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kàn án nínú fáìlì lóru mọ ilé tó ń lọ. Àwọn kan á ní permission socket máa ń da àwọn láàmú. Òótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dani láàmú. RuntimeDirectory nínú fáìlì systemd á dá fódà náà sílẹ̀ lórúkọ ẹni tó yẹ, ó parí.

Ibi tí àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá ti ń ṣubú ni proxy_set_header, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹ̀. Bí ẹ ò bá sọ fún nginx, kì í gbé orúkọ tí oníbàárà pè dé ẹ̀yìn. Orúkọ tó bá wà nínú proxy_pass ló máa fi sínú Host. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ Host sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú X-Forwarded-For tó ń sọ ibi tí oníbàárà ti wá, àti X-Forwarded-Proto tó ń sọ bóyá https ló gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, sínú server, kí gbogbo location tó wà nísàlẹ̀ lè jogún wọn. Kò burú. Àmọ́ òfin nginx ni pé location máa jogún wọn kìkì bí òun fúnra rẹ̀ ò bá ní proxy_set_header kankan. Ẹ fi ẹyọ kan péré síbẹ̀, ká sọ pé nítorí WebSocket, gbogbo ogún tó ti òkè wá ti dànù. Kò ní kìlọ̀. nginx -t á yege. Django á bẹ̀rẹ̀ sí í fi 400 dáhùn, torí kò mọ orúkọ tí wọ́n fi ń pè é. Bí ẹ bá rántí tún Host kọ, tẹ́ ẹ sì gbàgbé Proto, Django tẹ́ ẹ ní kó máa lé gbogbo èèyàn lọ sí https á tún máa lé ẹni tó ti wà lórí https tẹ́lẹ̀, onítọ̀hún á máa yí bí òkòtó títí aṣàwákiri á fi sú.

Ubuntu ti bá wa wá nǹkan ṣe sí i. Fáìlì kan wà tó ń jẹ́ /etc/nginx/proxy_params, ìlà mẹ́rin péré. Ẹ include rẹ̀ nínú location kọ̀ọ̀kan, kí ìlà tó jẹ́ ti location yẹn nìkan tẹ̀ lé e. Fáìlì ọ̀hún ti wà lórí ẹ̀rọ yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń lọ ṣẹ́ ìlà mẹ́wàá mẹ́wàá tá ò mọ ìtumọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ aṣínà database ò gbọ́dọ̀ dé Git rárá. Kó wà nínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí systemd ń kà nípasẹ̀ EnvironmentFile, kí chmod 600 sì wà lórí ẹ̀. Kí root inú nginx má tọ́ka sí fódà iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí nginx bá ń wá fáìlì níbẹ̀ kó tó kàn sí Gunicorn, .env tẹ́ ẹ fi pamọ́ fún Git, ẹni tó bá kọ /.env sẹ́yìn orúkọ ìkànnì yín á gbà á wálẹ̀ láìjà láìta.

Ẹni tó bá rò pé àwa ọmọléèwé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, kó wo Ghostcat, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVE-2020-1938. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Tomcat ti ń gbé server.xml kan wá fún gbogbo èèyàn, tí Connector AJP sì wà nínú rẹ̀ lórí port 8009. AJP jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí Apache lè gbà bá Tomcat sọ̀rọ̀. Ó ṣí sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá, ó sì ń fetí sí gbogbo àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà. Àwọn kan wà tí wọn ò lo AJP rí láyé wọn, HTTP lórí 8080 ni wọ́n so proxy tiwọn mọ́. Ìlà náà wà níbẹ̀ torí ó bá fáìlì wá, kò sì sẹ́ni tó kà á. Ní ọdún 2020 ni àṣírí tú pé ẹni tó bá lè dé 8009 lè ka fáìlì inú áàpù, títí kan WEB-INF/web.xml. Àtúnṣe jáde nínú 9.0.31, 8.5.51 àti 7.0.100, wọ́n sì pa Connector náà lẹ́nu mọ́ nínú server.xml tuntun. Ẹ rántí pé ìlà yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa o. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Wọ́n á ní iṣẹ́ kékeré ni tiwa, pé ìkànnì ẹgbẹ́ lásán ni. Ìkànnì ẹgbẹ́ lásán ló ń di ibi tí wọ́n ti ń dìbò lọ́dún kejì, tó sì ń di ibi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́dún kẹta, lórí fáìlì kan náà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Àwọn míì á ní Docker ti yanjú ẹ̀. Docker ràn wá lọ́wọ́, a ò jiyàn: orúkọ service inú compose file dára ju nọ́ńbà port lọ. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà ṣì wà, fáìlì náà ṣì wà. Ẹni tó gbé 127.0.0.1:8000 bọ́ sínú container nginx ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí 127.0.0.1 níbẹ̀ ni container náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ṣètò yàrá kan, ẹ fún un ní yàrá mẹ́rin.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀ ń ní ká kọ ojú ewé ọgọ́rin nípa iṣẹ́ àṣekágbá, ká ya àwòrán ER, ká lẹ kóòdù mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ ò bèèrè fáìlì nginx lọ́wọ́ wa rí. Ẹ bèèrè rẹ̀. Ẹ fi máàkì márùn-ún síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ míì fi fáìlì náà gbé iṣẹ́ ọ̀hún dìde lórí ẹ̀rọ tó ṣófo láìpe ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣínà root ìkànnì ẹ̀ka yín kan ṣì wà nínú WhatsApp yín. Ẹ kó fáìlì wọ̀nyẹn sínú Git, ẹ fi ọwọ́ wọn lé àbúrò yín méjì lọ́wọ́, kí wọ́n wá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà náà lójú yín. A ò ní fi ìyẹn bú yín, a ó dúpẹ́ ni.

Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ nginx -T, T ńlá ni o. Gbogbo ohun tí nginx ń kà ló máa tẹ̀ síta, fáìlì lórí fáìlì, pẹ̀lú orúkọ ibi tó ti rí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ takò wá, kó gbé èyí tó jáde lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, kó sọ fún wa ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣe àti ẹni tó kọ ọ́. A ó jókòó gbọ́ ọ títí tó fi máa parí.