Ta Ló Ní Ká Máa Ra Reluwé Títí Ayé?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi í gbọ́. Bí ìjọba bá ti ra ọkọ̀ ojú irin tuntun dé láti òkè òkun, ìlù á máa dún, ìwé ìròyìn á gbé àwòrán jáde, a ó sì máa yọ̀ bí ẹni pé àwa la rọ ọ́. Bí ẹnì kan bá wá béèrè pé ìgbà wo ni àwa náà yóò ṣe tiwa, wọn á ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀ jàre, iṣẹ́ òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ ká rà á ká wọ̀ ọ́." Irọ́ ni o! Mo fẹ́ tú àṣírí irọ́ náà lónìí.

Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ni mí. Ọ̀fà tó múlé gbè wá ni a ti ń wọ reluwé. Ọdún 1896 ni òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ọ̀fà kọjá, ó sì kan odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọkọ̀ náà ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Ẹ́ńjìnnì tó ń fà á ńkọ́, ta ló ṣe é?

Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn ẹ́ńjìnnì eléèédú tí wọ́n ń pè ní River dé sí ilẹ̀ wa. Vulcan Foundry ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó rọ wọ́n. English Electric gbé Vulcan mì ní 1955, GEC gbé English Electric mì ní 1968, nígbà tó sì di 1989, GEC da iṣẹ́ reluwé tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Alsthom ilẹ̀ Faransé. Òun náà ló di Alstom tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí.

Alstom kò já bọ́ láti ọ̀run o. Jámánì gba ilẹ̀ Alsace lọ́wọ́ Faransé ní 1871. Ilé iṣẹ́ irin Alsace kan kò fẹ́ pàdánù ọjà Faransé, ló bá lọ kọ́ ẹ̀ka sí Belfort ní 1879. Ní 1928, iṣẹ́ Belfort yìí àti Thomson-Houston ti Faransé para pọ̀. "Als" láti ara Alsace, "thom" láti ara Thomson, orúkọ dé. Àwọn ló ṣe TGV, ọkọ̀ eré àsápajúdé tó bẹ̀rẹ̀ láàárín Paris àti Lyon ní 1981.

Àwọn kan á ní ìjọba kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ òwò. Ó dáa. Ní 2003, gbèsè fẹ́ pa Alstom. Ṣé Faransé ní kó kú ni? Rárá! Ní 2004, ìjọba wọn kó owó sílẹ̀, ó ra ìpín tó lé ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ara ilé iṣẹ́ náà yá, wọ́n ta ìpín ọ̀hún fún Bouygues ní 2006. Bó bá kan tiwọn, wọ́n mọ bí a ṣe ń gbèjà ọmọ ẹni. Bó bá kan tiwa, wọn á ní ká fi ọjà sílẹ̀ kó máa ṣe bó ṣe fẹ́.

Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n. Ní 2014, Alstom jẹ́wọ́ ní kóòtù Amẹ́ríkà pé òun fún àwọn aláṣẹ láwọn orílẹ̀-èdè kan ní rìbá, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 772 dọ́là. Torí náà, a kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ká bá wọn dúnàá-dúrà bí ọkùnrin ni.

Ẹ wo Íńdíà. Ní 2015, wọ́n bá Alstom ṣàdéhùn 800 ẹ́ńjìnnì oníná. Márùn-ún péré ni kó ti Faransé wá. 795 tó kù, Madhepura nílẹ̀ Íńdíà ni kí wọ́n ti ṣe é. Ẹ wo Gúúsù Áfíríkà. Nínú 600 reluwé tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ní 2013, ogún ni wọ́n ṣe ní Bràsíìlì, ìyókù di ti ilé iṣẹ́ Dunnottar lẹ́bàá Johannesburg, tí wọ́n ṣí ní 2018. Ṣé orí méjì ni àwọn yẹn ní ni?

Àwa ńkọ́? Reluwé tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Ṣáínà ló tẹ́ irin rẹ̀, Ṣáínà ló ṣe ọkọ̀ rẹ̀, Ṣáínà náà la sì jẹ lówó. Lóòótọ́, wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ tí yóò máa to ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ lélẹ̀ ní Kájọlà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní 2019. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n títò kì í ṣe rírọ. Ẹni tó to ìkòkò jọ lọ́jà kì í ṣe amọ̀kòkò.

Àwọn baba wa ń rọ irin kí òyìnbó tó dé. Lónìí, àwọn ọmọ wa á kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ jáde tán, wọn á wá máa gun ọ̀kadà kiri. Ta ni ká dá lẹ́bi?

Mo bẹ̀ yín, nígbà tí mínísítà kan bá tún fẹ́ bu ọwọ́ lùwé reluwé, kí ẹ̀yin aṣòfin bi í léèrè mẹ́ta: Mélòó la ó ṣe nílé? Ìlú wo la ó ti ṣe é? Ọmọ wa mélòó ni yóò kọ́ iṣẹ́ náà? Bí kò bá rí i dáhùn, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ̀wù àyálò kì í yẹ ọmọ èèyàn.