Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá

Bí a bá pe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá dìde pé kí ó dárúkọ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí oòrùn po, kíá ni yóò kà wọ́n tán: Mẹ́kúrì, Fẹ́nọ́ọ̀sì, Ayé, Máàsì, Júpítà, Sátọ́ọ̀nù, Yúránọ́ọ̀sì, Nẹ́pítúùnù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò pàtẹ́wọ́, yóò sì jókòó. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí Fẹ́nọ́ọ̀sì bá ń tàn yanran lókè òrùlé ní ìwọ̀-oòrùn, ọmọ yìí yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láì mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ẹni tí ó mọ oríkì ènìyàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sì dá ojú onítọ̀hún mọ̀.

Ìyá rẹ̀ àgbà, tí kò dé ilé-ẹ̀kọ́ rí, mọ̀ ọ́n. Àgùàlà ni ó ń pè é. Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń wo ìmọ́lẹ̀ yìí. Nítorí pé ó máa ń súnmọ́ òṣùpá, àwọn kan sọ ọ́ di ajá òṣùpá. Àwọn àgbà mìíràn sì takò wọ́n pé ó kàn ń bá òṣùpá rìn ni. Àwọn tí ó takò wọ́n ni ó jàre. Ayé ni òṣùpá ń yí po. Oòrùn ni Àgùàlà ń yí po ní tirẹ̀, ọjọ́ 225 ni ó sì fi ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ó mú wọn dà bí ọ̀rẹ́ ni pé ojú ọ̀nà kan náà ni òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá lójú ọ̀run, bí ọkọ̀ onírúurú ibi ti ń pàdé ní títì Ìkòròdú. Àgùàlà súnmọ́ oòrùn ju ayé lọ, nítorí náà kì í rìn jìnnà sí i: bí kò bá yọ ní ìrọ̀lẹ́, ìdájí ni yóò yọ. Ẹni tí ó bá ní òun rí i ní agogo méjìlá òru Èkó, nǹkan mìíràn ni ó rí.

Ìmọ̀ àkọ́sórí lásán kì í pẹ́ bàjẹ́. Mẹ́sàn-án ni pílánẹ́ẹ̀tì tí àwọn òbí àwọn ọmọ òde òní kọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ògọ́sì, ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní ìlú Prague, wọ́n sì yọ Plútò kúrò láàárín wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nǹkan bí i tirẹ̀ ni ó ń bá a pín ọ̀nà tí ó ń gbà. Plútò kò kúrò níbi tí ó wà. Ẹni tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ kò pàdánù ohunkóhun. Ẹni tí ó há orúkọ sórí nìkan ni ó pàdánù.

Àwòrán inú ìwé pàápàá a máa tan ọmọ jẹ, nítorí ó kó oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ sí ojú ewé kan. Ó sàn kí olùkọ́ gbé ọpọ́n ràbàtà tí ó fẹ̀ tó mítà 1 kalẹ̀ ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, kí ó pè é ní oòrùn. Ayé yóò jẹ́ hóró àgbàdo kan ní nǹkan bí mítà 107 sí i. Júpítà, tí ó tóbi ju gbogbo ìyókù lọ, yóò jẹ́ ọsàn ńlá kan, yóò sì jìnnà ju ìdajì kìlómítà lọ. Nẹ́pítúùnù, àgbálùmọ̀ kékeré, yóò jìnnà ju kìlómítà 3 lọ: ó di ìhà Yunifásítì Èkó ní Àkọkà. Òfìfo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àárín wọn. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn ín kò ní gbàgbé.

Ní 1962, ọdún tí wọ́n dá yunifásítì yẹn sílẹ̀, òkúta kan já láti ojú ọ̀run sí Zagami, ní apá Katsina. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kìlógíráàmù 18. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, wọ́n rí atẹ́gùn tí ó há sínú rẹ̀, ó sì bá atẹ́gùn Máàsì mu. Òkúta Máàsì já sí ilẹ̀ Nàìjíríà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń ka Máàsì bí ẹni ń ka ìtàn àlọ́!

Àwọn kan yóò wí pé iná títì, èéfín àti kùrukùru ọyẹ́ kò jẹ́ kí ojú ọ̀run Èkó ṣeé wò. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ti àwọn ìràwọ̀ wẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n iná títì kò lè pa Àgùàlà tàbí Júpítà rẹ́. Ẹ̀wẹ̀, Èkó súnmọ́ àárín ayé, nítorí náà àwọn pílánẹ́ẹ̀tì a máa gòkè dáadáa lójú ọ̀run ibẹ̀. Ojú ará Èkó sì lè tètè tó Mẹ́kúrì tí ará Lọ́ńdọ̀nù ń wá tìpá-tìkúùkù. Bí iná mànàmáná bá sì lọ lójijì ní Mùṣín, kí ẹ̀rọ amúnáwá tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, kí ọmọ jáde sí ojúde kí ó wòkè. Èyí tí ó bá ń ṣẹ́jú, ìràwọ̀ ni. Èyí tí ó bá tàn tí kò ṣẹ́jú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé pílánẹ́ẹ̀tì ni.