Bí Ọba Bá Ti Borí Ní Ìlú Ọba Ní 1835

Ó ti mọ́ wa lára láti máa sọ pé orí ìtẹ́ ni Ọba Ìlú Ọba wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni àṣẹ wà. Àwọn olùkọ́ a sì máa fi í kọ́ àwọn ọmọ bí ẹni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjà ni ó bí àṣà náà, ọ̀kan nínú àwọn ìjà wọ̀nyí sì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1834, nígbà tí kò tí ì ju oṣù kan lọ tí Ilé Aṣòfin wọn jóná.

Ọba William Kẹrin ni ó wà lórí oyè, Lord Melbourne sì ni olórí ìjọba. Bàbá Lord Althorp, ẹni tí ó jẹ́ aṣáájú fún ìjọba nínú Ilé Àwọn Mẹ̀kúnnù, kú. Ọmọ jogún oyè, ó sì di dandan kí ó bọ́ sí Ilé Àwọn Ìjòyè. Melbourne mú orúkọ Lord John Russell wá láti rọ́pò rẹ̀. Ọba kò fẹ́ rí Russell sójú, nítorí ohun tí ó ń wí nípa ọ̀ràn Ìjọ ní Írẹ́láǹdì. Kàkà kí ó gbà á, ṣe ni ó ní kí Melbourne àti ìjọba rẹ̀ máa lọ sí ilé. Ẹ kíyè sí i: àwọn wọ̀nyí ni ó ní ènìyàn jù lọ nínú Ilé, kò sí ẹni tí ó dìbò lé wọn kúrò. Sir Robert Peel tí Ọba fẹ́ fi sípò kò tilẹ̀ sí nílé, Róòmù ni ó wà. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀gágun àgbà nì, Wellington, ni ó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, bí ẹni tí ó ń bá aládùúgbò ṣọ́ àtẹ ọjà.

Nígbà tí Peel dé, ó pe ìdìbò ní oṣù kìíní ọdún 1835. Ẹgbẹ́ rẹ̀ rí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún àyè kún tirẹ̀, síbẹ̀ kò tó. Léraléra ni Ilé ń dìbò takò ó, títí ó fi kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kẹrin. Ọba sì ní láti tún ṣí ilẹ̀kùn fún Melbourne tí ó lé jáde. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó jókòó lórí ìtẹ́ náà tí ó tún dá irú rẹ̀ láṣà.

Bí Peel bá ti borí ńkọ́? Ará ìlú ì bá ti fi òǹtẹ̀ lu ohun tí Ọba ṣe, Victoria tí ó gorí oyè ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ní 1837 ì bá sì ti bá idà mímú nínú àkọ̀. A mọ̀ pé kò fẹ́ràn Gladstone. Ní 1880, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Gladstone wọlé, Hartington àti Granville ni ó kọ́kọ́ nawọ́ sí. Àwọn méjèèjì kọ̀, ó sì gba Gladstone tipátipá. Bí ọ̀nà William bá ti là, kì bá tí rọ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí kò fẹ́ kí Írẹ́láǹdì ní ìjọba tirẹ̀ rọ George Karùn-ún ṣáájú ogun 1914 pé kí ó lé Asquith, tàbí kí ó má fi ọwọ́ sí òfin náà. Kò ṣe é. Tiwa ni pé bí irú èyí bá ti ṣẹ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ará ìlú kò ní bèèrè ẹni tí yóò ṣe olórí ìjọba mọ́. Ohun tí Ọba wà fún ni wọn ì bá máa bèèrè. Ìjákulẹ̀ William ni ó gba adé là fún ìran Victoria, ọmọ àbúrò rẹ̀, títí ó fi dé orí Charles Kẹta.

Ohun tí kò ṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣẹ ní Ọsirélíà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1975, Gómìnà Àgbà, Sir John Kerr, yọ Gough Whitlam, ẹni tí Ilé Àwọn Mẹ̀kúnnù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí Ilé kejì kò fọwọ́ sí owó ìnáwó ìjọba. Malcolm Fraser ni ó fi rọ́pò rẹ̀, Fraser sì borí nínú ìdìbò oṣù kejìlá. Ohun tí Peel kò rí gbà ni òun rí gbà.

Ó ti kan àwa náà ṣáájú èyí. Ní 1962, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣì ni olórí Nàìjíríà, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, sì ni Gómìnà tí ó dúró fún un ní Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí àwọn tí ó ju ìdajì àwọn aṣòfin lọ fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò sí lẹ́yìn Olóyè S. L. Akíntọ́lá mọ́, Gómìnà yọ ọ́ ní oṣù karùn-ún, ó sì fi Alhaji D. S. Adégbẹ́nró ṣe Pírẹ́míà. Akíntọ́lá ní inú Ilé nìkan ni a ti lè mọ ẹni tí ó ní ènìyàn jù lọ. Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ Gíga Jù Lọ dá a láre. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, àwọn adájọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù yí i padà: bí ó bá ti hàn sí Gómìnà ni ìwé òfin wí, kò sọ pé inú Ilé nìkan ni ó ti gbọ́dọ̀ hàn. Àṣà tí ìjà 1834 fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ fún wọn, kò sí nínú ìwé tiwa. Igbá ni wọ́n gbé fún wa, ohun inú rẹ̀ kò bá a wá. Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn yára tún ìwé òfin kọ, wọ́n sì mú àtúnṣe náà padà sẹ́yìn débi pé ìdájọ́ náà di asán. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, a di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní Ọbabìnrin mọ́, ọ̀nà ẹjọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù sì dí.

Adé lọ, agbára láti lé ẹni tí a dìbò yàn kò bá a lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó sì ní kí Gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti àwọn aṣòfin lọ jókòó fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀gágun ojú omi kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó fi síbẹ̀. Ẹsẹ 305 nínú ìwé òfin ni a gbé ìkéde náà lé, ẹsẹ yìí kò sì dárúkọ yíyọ gómìnà níbi kankan.