Ẹ̀rọ Náà Kò Ju Ẹni Tí Ó Kọ́ Ọ Lọ

“Kọ̀ǹpútà ni ó wí bẹ́ẹ̀.” Láti Òrè dé Òkìtìpupa, ní báńkì àti ní ọ́fíìsì ìjọba, gbólóhùn yìí ti di òfin. Bí òṣìṣẹ́ bá ti sọ ọ́, ẹjọ́ parí. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tí ó ń wí?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB gbé èsì ìdánwò UTME jáde. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní 1,900,000, àwọn tí ó lé ní 1,500,000 kò gba tó 200 nínú 400. Kíá ni àwọn àgbà kan ti dá ẹjọ́: ọ̀lẹ ni ọmọ ìsinsìnyí, fóònù nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé ó fi hàn pé màgòmágó ti dínkù. Àwọn ọmọ ń ké pé èsì náà kì í ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ọmọdé gbọ́ ju ẹ̀rọ lọ? Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Ọlóyèdé, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ náà nígbà náà, fi sunkún ní gbangba, tí ó sì tọrọ àforíjì. Àtúnṣe kan tí ó yẹ kí ó wọ inú àwọn sáfà ẹkùn Èkó ni kò wọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni ó kàn, ní ibùdó 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ti ilẹ̀ Ìgbò. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò sí nínú wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n ẹnikẹ́ni ni ó yọ ọ́.

Ìyìn yẹ ẹni tí ó jẹ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1999 àti 2015, ó lé ní 900 alábòójútó ilé ìfìwéránṣẹ́ tí a dá lẹ́bi nítorí ìṣirò èké tí ètò Horizon ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aláṣẹ fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀rọ kò lè ṣìṣe.

Ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń kìlọ̀ irú èyí kì í ṣe ọ̀tá ìmọ̀. Joseph Weizenbaum, ọmọ Jámánì tí ó di ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ELIZA jáde ní 1966, ètò kan tí ń sọ ọ̀rọ̀ ènìyàn di ìbéèrè padà fún un, láìmọ ohunkóhun. Síbẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ tí ó mọ̀ pé ètò lásán ni, bẹ̀ ẹ́ kí ó jáde nínú yàrá kí òun lè bá a sọ àṣírí. Ẹnu ya ọkùnrin náà. Ní 1976 ó kọ odidi ìwé pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ kí a fi lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ lè ṣe wọ́n: àwọn tí ó gba àánú àti ọgbọ́n.

ChatGPT, tí ó dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, kì í ṣe ẹgbẹ́ ELIZA. Ó wúlò púpọ̀. Ẹni tí ó bá sẹ́ èyí kò tíì lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fún un kà ni ó fi ń to ọ̀rọ̀, ó sì lè fi ìdánilójú pa irọ́. Yorùbá tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kéré, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní àmì ohùn. Ti ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ kò tó nǹkan rárá. Ọmọ Ìkálẹ̀ tí ó bá bi í ní ìtàn ìlú rẹ̀, kí ó tún bi àgbàlagbà ilé kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Olúṣẹ́gun Agagu ní Òkìtìpupa, ẹ má jẹ́ kí a fi ìbẹ̀rù tàbí ìpolówó tì yín síwá sẹ́yìn. Ọ́fíìsì tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ yan ẹni tí yóò gba iṣẹ́ tàbí owó ìrànwọ́, ẹ bi í pé ta ni ó dán ètò náà wò, ta sì ni ẹni tí a rẹ́ jẹ lè lọ bá, tí ó ní àṣẹ láti yí èsì padà. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni náà sára ògiri, kí gbogbo ènìyàn rí i.