Ọkọ̀ Àtijọ́ Kì í Ṣe Pàǹtí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ta ló ní Morris Minor kò wúlò fún ohunkóhun mọ́ ju kí á gbé e fún oníkílò? Ẹ́ńjìnnì Morris 1000 tí àwọn olùkọ́ àtijọ́ ń wà ní Èkìtì àti ti MG Midget, ọkọ̀ asáré oníjókòó méjì ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọdún 1979 ni wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe Midget. Síbẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń náwó tún un ṣe.

Àwọn kan ní ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, Nàìjíríà sì ti yí sí apá ọ̀tún títì láti oṣù kẹrin ọdún 1972. Àwáwí! Ṣé àwọn tó ni ín nígbà náà sọ ọ́ nù lọ́jọ́ kejì ni?

Ọkọ̀ yìí kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìláwẹ̀ tó bá tú u palẹ̀, tó sì tò ó padà, yóò mọ iṣẹ́ dé gbòǹgbò. Àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín ńkọ́? Púlọ́ọ̀gì lásán, wọn kò lè yọ ọ́.