Ìgbà Wo Ni Wọ́n Gún Màlúù Náà Lábẹ́rẹ́?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi Àbújá ṣe ibùgbé, láti Kubwa dé Nyanya, bí a bá fẹ́ ra màlúù fún ìnáwó, ìbéèrè wa kì í ju ẹyọ kan lọ: èló ni jálẹ̀? Ó yẹ ká fi èkejì kún un: ìgbà wo lẹ gún un lábẹ́rẹ́ kẹ́yìn?

Oògùn kì í kúrò lára ẹran lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá. Ẹ̀dọ̀ á máa lọ ọ̀pọ̀ oògùn, á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, kíndìnrín á sì máa tì í jáde sínú ìtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Oxytetracycline, tí àwọn darandaran mọ̀ bí ẹní mowó, a máa pọ̀ sí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀, a sì máa lẹ̀ mọ́ egungun. Àfi bíi pé ó mọ ibi tí àwọn àgbà ń dù níbi àríyá! Lára ọ̀pọ̀ ìgò èyí tó máa ń pẹ́ lára, wọ́n kọ ọ́ pé kí a má pa ẹran náà jẹ kí ọjọ́ 28 tó pé. Ta ni màlúù rẹ̀ ń ṣàìsàn tí yóò dúró tó bẹ́ẹ̀? Ọjà ló ń gbé e lọ. Sísè kì í sì í pa gbogbo rẹ̀ run.

Ẹ wo igún ilẹ̀ Íńdíà àti Pakistan. Òkú màlúù tí wọ́n ti fún ní diclofenac, oògùn ara ríro, ni wọ́n jẹ tí kíndìnrín wọn fi bàjẹ́, tí wọ́n sì ń kú lọ rẹpẹtẹ. Ọdún 2004 ni àṣírí tú. Íńdíà fòfin de oògùn náà fún ẹran lọ́dún 2006. Tiwa kì í yá bẹ́ẹ̀. Oògùn kékeré yẹn á kàn máa kọ́ kòkòrò àrùn bí wọ́n ṣe ń gbójú, títí èyí tí dókítà kọ fún wa kò fi ní ràn wọ́n mọ́.

N kò fi èyí bú Fúlàní o. Àwọn ọmọ wa tó ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé ń da irú oògùn yìí sómi adìyẹ láàárọ̀, wọ́n ń ta ẹyin nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ oògùn ń wọ inú ẹyin.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí yóò máa bá onínàáwó lọ ra ẹran. Màlúù tí olówó rẹ̀ kò bá lè sọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kí olùsìn adìyẹ máa kọ ọjọ́ oògùn sílẹ̀, kó sì bi dókítà ẹran ìgbà tó lè ta ẹyin. N ó gbé e síwájú ìpàdé wa tó ń bọ̀.